Ta Ni Ó Tẹ Èbúté Mẹ́ta Dó?

Ó ti di àṣà ní àárín wa pé nígbàkigbà tí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ kan ní Èbúté Mẹ́ta bá ń ṣe ọdún ìrántí, ẹnìkan yóò dìde láti sọ ìtàn ìlú, yóò sì wí pé Gómìnà Glover ni ó tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́, ẹgbẹ́ akọrin a dìde, ètò a sì máa bá a lọ. Àwa náà ti jókòó níbi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a sì ti bá wọn pàtẹ́wọ́. Nísinsìnyí tí a ti ro ọ̀ràn náà dáradára, ó di dandan fún wa láti gba àtẹ́wọ́ wa padà, kí a sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé inú ń bí wa sí òkú, tàbí pé nítorí tí ọkùnrin náà jẹ́ òyìnbó ni a ṣe ń bá a jà. Ọ̀rọ̀ tí a ní láti sọ kò gùn. Àwọn àgbà wí pé igi kan kì í dá igbó ṣe, ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹnìkan kì í dá ìlú tẹ̀ dó. Ẹni tí a bá pè ní olùtẹ̀lúdó, òun ni a fi ṣe onílùú. Ẹni tí a bá sì fi ṣe onílùú, a ti fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́ láti fi lé àwọn ará ìlú jáde. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán ni a ń jà sí. Ọ̀rọ̀ òrùlé tí ó wà lórí àwọn alààyè ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ọkùnrin náà ní ohun tí í ṣe tirẹ̀. A bí John Hawley Glover ní ọdún 1829, ó sì wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ojú omi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní 1857 ó bá Dókítà Baikie gòkè Odò Ọya. Ọkọ̀ wọn tí ń jẹ́ Dayspring fọ́ lórí àpáta nítòsí Jẹ́bà, Glover sì gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá wá sí Èkó. Báyìí ni ó ṣe mọ ọ̀nà ilẹ̀ wa kí ó tó di aláṣẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Glover di alákòóso ìlú náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1872.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Èkó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba Gólóbà. Ó gba àwọn ẹrú tí ó sá tọ̀ ọ́ wá, ó sì sọ ọ̀pọ̀ àwọn Haúsá tí ó wà nínú wọn di ọmọ ogun tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Nígbà tí ó kúrò ní Èkó, ó jagun ní ilẹ̀ Aṣánti, ó jẹ gómìnà ní Newfoundland àti ní àwọn erékùṣù Leeward, ó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Ní ìrántí rẹ̀ ni a kọ́ gbọ̀ngàn tí a ń pè ní Glover Hall. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé kò ní ìfẹ́ sí ibi tí a rán an lọ. Bí a bá ní láti dá a lẹ́jọ́, a kò gbọdọ̀ fi irọ́ kún un.

Ṣùgbọ́n olóṣèlú ni Glover, òṣèlú rẹ̀ ni a sì gbọdọ̀ wò kí a tó lè mọ bí Èbúté Mẹ́ta ṣe rí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tí ó gbà á lọ́kàn ni ọ̀nà òwò láti etí òkun dé òkè. Àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú wà lójú ọ̀nà náà, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orí wọn kọjá. Ìbàdàn wà lẹ́yìn wọn, ó ń wá ìbọn àti ẹ̀tù nítorí ogun. Glover gbè sí ẹ̀yìn Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, a rán ọmọ ogun láti Èkó lọ bá wọn, a sì tú wọn ká. Lẹ́yìn èyí, ó fi àwọn ọlọ́pàá sí ẹ̀bá ọ̀nà ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti wí pé Èkó kò ní àṣẹ. Àwọn ẹrú wọn pẹ̀lú ń sá lọ sí Èkó, a kì í sì í dá wọn padà. Ní ti ẹrú, a kò ní bá Glover wí. Iṣẹ́ rere ni ẹni tí ó tú ìdè ènìyàn ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá da ọ̀ràn òmìnira pọ̀ mọ́ ọ̀ràn owó ibodè àti ọ̀ràn ọlọ́pàá, ẹni tí a ń bá ṣe é kì í lè mọ èyí tí í ṣe ti Ọlọ́run yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ti Késárì.

Ìbínú náà bẹ́ jáde ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1867. Ọjọ́ náà ni a ń pè ní Ìfọ́lé. Àwọn ènìyàn ya wọ ilé ìsìn, wọ́n fọ́ ohun tí wọ́n lè fọ́, wọ́n kó ohun tí wọ́n lè kó, àwọn míṣọ́nárì òyìnbó sì ní láti fi ìlú sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí Henry Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá láti ọdún 1859 dákẹ́ ní ọdún náà. Àwa tí a ń fi ìwé títẹ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ ní èdè yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá gbé ẹrù ka orí, wọ́n mú ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ wá sí ìhà Èkó. Glover ni ó gbà wọ́n, ó sì pín ilẹ̀ fún wọn ní Èbúté Mẹ́ta.

Níbí ni a fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀, kí ó sì rò ó. Ọkùnrin tí òṣèlú rẹ̀ wà lára ohun tí ó ru ìbínú tí ó lé wọn nílé, òun kan náà ni ó gbà wọ́n sílé. Ilé tí ó sì gbà wọ́n sí, kì í ṣe tirẹ̀. A kò wí pé òun nìkan ni ó fa Ìfọ́lé. Àwọn ìjòyè Abẹ́òkúta ní ẹjọ́ tiwọn láti jẹ́ níwájú Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ sì ni George William Johnson àti ìgbìmọ̀ tí ó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1865 kò lè wí pé ọwọ́ àwọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ọmọ dá iná, tí ó sì tún bá a pa á, a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún omi tí ó bù, a kì í tún fi ilé jíjóná náà ta á lọ́rẹ.

Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ẹlẹ́rìí wa. Ẹlẹ́rìí kìíní ni orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀. Èbúté Mẹ́ta ni, àwọn ènìyàn a sì máa ka èbúté mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí Ìdó, Òtò àti Oyíngbò. Ibi tí kò bá sí ènìyàn kì í ní èbúté. Ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ ni èbúté, ọkọ̀ kì í sì í gúnlẹ̀ síbi tí kò sí ẹni tí ń rà àti ẹni tí ń tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé igbó ni Glover bá níbẹ̀, ta ni ó ka èbúté náà tí ó fi pé mẹ́ta? Nínú igbó wo ni ọkọ̀ ti ń já ẹrù?

Ẹlẹ́rìí kejì ni ilẹ̀. Àwọn Àwórì ni ó ni ilẹ̀ òdìkejì ọ̀sà yìí, lábẹ́ àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí a ń pè ní Ìdẹ́jọ. Olótò ni ó ni ti Ìdó àti Èbúté Mẹ́ta. Olúwa ni ó ni ti Àpápá. Ọjọ́ra ni ó ni ti Ìjọ́ra àti Ìgánmú. Wọ́n ti ń fi ilẹ̀ fún àlejò kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi ẹsẹ̀ kan Èkó. Ìwé tí Dòsùnmú fi ọwọ́ sí dárúkọ èbúté àti erékùṣù Èkó pẹ̀lú àwọn ohun tí ó jẹ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Dòsùnmú kì í ṣe onílẹ̀. Ọba ni í ṣe, àwọn Ìdẹ́jọ sì ni onílẹ̀, wọn kò sì fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọba kò ní, báwo ni yóò ṣe fi tọrẹ? Ohun tí a kò sì fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni ìránṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe pín in fún ẹlòmíràn, tí a ó sì máa pè é ní olùtẹ̀lúdó?

Ẹlẹ́rìí kẹta ni àwọn tí ó gbé ibẹ̀. Glover fi okùn wọn ilẹ̀, ó sì la òpópónà ní tààrà. Títí di òní, ẹni tí ó bá rin Èbúté Mẹ́ta yóò rí i bí àwọn òpópónà rẹ̀ ṣe ń dá ara wọn kọjá bí ojú àwọ̀n. Iṣẹ́ dáradára ni, ìlú mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ wa kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn kì í pọn omi, ìlà kì í sì í bí ọmọ. Àwọn tí a lé kúrò nílé bàbá wọn ni ó gé igbó, tí ó po amọ̀, tí ó mọ ògiri. Àwọn ni ó kó ara wọn jọ tí ó kọ́ ilé ìsìn St. Jude kí ilé tiwọn tó gbẹ. Àwọn obìnrin wọn ni ó gbé igbá lọ sí Oyíngbò ní kùtùkùtù. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tí a sì kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Èbúté Mẹ́ta, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn lébìrà láti ìlú gbogbo wá bá wọn. Nígbà tí afárá Carter so Èkó mọ́ Ìdó ní 1901, ìlú náà kún. Ẹ wá fi ìka kan ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ènìyàn wọ̀nyí, kí ẹ wí pé òun ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Kò ṣe é ṣe.

Kí a má bàa wí pé láti inú ara wa ni a ti mú ìrònú yìí jáde, ẹ jẹ́ kí a pe ọkùnrin kan tí òun náà ti fi okùn wọn ilẹ̀ rí. Herbert Macaulay, tí a bí ní 1864, jẹ́ ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Bàbá rẹ̀ ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ Grammar School ti C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ó kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ní ìlú òyìnbó, ó sì ṣe é lábẹ́ ìjọba láti 1893 títí di 1898, gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí a ń pè ní ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí a ti ń fi ìwé sọ ilẹ̀ ìdílé di ilẹ̀ ìjọba. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá ìjọba jà, kò sí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n lè nà síwájú rẹ̀ láti fi bò ó lójú.

Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ tirẹ̀. Amodu Tijani, tí í ṣe Ìjòyè Olúwa nígbà náà, wí pé kí wọ́n san owó rẹ̀ fún òun nítorí ìdílé òun. Ìjọba dáhùn pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ju ẹ̀tọ́ ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Ẹjọ́ náà kọjá àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ wa, ó sì dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1920 Macaulay bá Olúwa rìn lọ sí ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́: ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́, ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ìjòyè sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn, bí ìjọba bá gbà á, kí ó san iye tí ó tọ́ sí i ní kíkún. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́ún, £22,500, ni a san níkẹyìn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọgọ́ta ọdún ni irọ́ yìí ti lọ kí òtítọ́ tó bá a.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò fẹ́ fi Macaulay rọ́pò Glover nísinsìnyí, kí ó sì pè é ní bàbá ìlú. Àwa kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú N.N.D.P. sílẹ̀ ní 1923, ẹgbẹ́ náà sì gba gbogbo àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fi sílẹ̀ fún ìbò ní Èkó ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ kò lè jókòó sí ọ̀kan nínú wọn, nítorí ẹjọ́ tí a ti dá a lẹ́bi rẹ̀ rí. Agbára rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè onílẹ̀, láti inú mọ́ṣáláṣí, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ọjà tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn. Ọ̀nà tí ó la Èbúté Mẹ́ta dé Yábà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ Olúwa, àwọn ìdílé àti àwọn obìnrin ọjà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, awọnlẹ̀ kan ni yóò kù, tí ó ń rìn ní Marina pẹ̀lú táì ọrùn rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ì báà jẹ́ ìrókò.

Ní ti Èbúté Mẹ́ta gan-an, ẹ wo iye ọdún tí ó gbà kí a tó lè tú okùn tí Glover ta. Ní 1939 Sir Mervyn Tew kọ ìròyìn lórí ọ̀ràn ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ní Èkó. Ní 1947 a ṣe òfin mẹ́rin láti inú rẹ̀, ọ̀kan sì wà fún ibùdó Glover nìkan. Ọgọ́rin ọdún ni èyí lẹ́yìn Ìfọ́lé. Àwọn tí a pín ilẹ̀ fún ti kú, àwọn ọmọ wọn ti kú, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń na owó fún lọ́yà. Bí ọkùnrin náà bá ti fi pẹ̀lẹ́tù bi onílẹ̀ léèrè ní 1867, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, mélòó nínú ẹjọ́ wọ̀nyí ni à bá rí?

Òǹkàwé lè bi wá pé, Kí ni gbogbo èyí kàn wá lónìí? Ó kàn wá, nítorí pé èrò tí ó fi Glover ṣe onílùú kò kú pẹ̀lú Glover. Àjàkálẹ̀ àrùn wọ Èkó ní 1924; ní 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní L.E.D.B. sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, ìgbìmọ̀ náà sì la Yábà. Ní 1955 ìgbìmọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó, lórí ilẹ̀ tí a pinnu pé kí ó tó éékà 70, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. A kò wí pé ilé Sùúrùlérè burú. Ó ní fèrèsé, ó ní omi. Ṣùgbọ́n Peter Marris, tí ó wádìí ọ̀ràn àwọn tí a kó lọ náà, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961, rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn pàdánù oníbàárà, wọ́n jìnnà sí ẹbí tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè wọn. Sùúrù a máa lérè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà tí ọjà bá wà ní Èkó tí alátà sì wà ní Sùúrùlérè.

Ní 1978 òfin ilẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà rẹ̀, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ọ̀rọ̀ dídùn ni títọ́jú. Ní oṣù keje ọdún 2012, a fún àwọn ará Makòko tí ilé wọn wà lórí omi ní wákàtí 72 láti kó jáde. Àwọn tí ó wó ilé sì dé. Àwọn Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ tí ń pẹja níbẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí olùtẹ̀lúdó. Nítorí náà ni ó fi rọrùn láti wí pé wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Èyí ni èso ọ̀rọ̀ tí a ń pàtẹ́wọ́ sí. Bí a bá gbà pé ẹni tí ó la òpópónà ni ó tẹ ìlú dó, a ti gbà pé ẹni tí kò ní òpópónà kò ní ìlú.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń wí sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí kò bá sí aláṣẹ tí ó ní ètò, ìlú yóò di ààtàn. A gbà pé ètò ṣe pàtàkì. Àwa tí ń gbé Mùṣín, níbi tí omi òjò ti ń wọ yàrá nítorí pé ẹnikẹ́ni kò la gọ́tà kí ilé tó kún, kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ètò yàtọ̀ sí ìní. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kan àga kì í wí pé ẹni tí ó bá jókòó lórí rẹ̀ ń jókòó nípa àánú òun.

Àwọn mìíràn ní aláìmoore ni wá. Wọ́n ní àwọn baba ńlá wa sùn lórí ilẹ̀ tí Glover fún wọn, àwa ọmọ sì ń bú u. A kò bú u. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó gba àlejò. Kí a má ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó ni ilé. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba ọpẹ́ wa ni Olótò àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí a gba àlejò lé lórí láì bi wọ́n. Ọdún ìrántí mélòó ni a ti ṣe tí a pè wọ́n sí ìjókòó iwájú?

Bí a sì ti ń bá ìjọba wí, òdodo kò ní jẹ́ kí a fi ara wa sílẹ̀. Ilé tí a kọ́ fún ìsánsá ti di ilé tí a fi ń yá owó. Àwọn ọmọ ẹni tí a lé ní Abẹ́òkúta ti di onílé ní Èbúté Mẹ́ta, àwọn pẹ̀lú sì ti lé ayálégbé jáde nínú òjò nítorí owó oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a ń gbèjà wọn nínú ìwé yìí, àwọn kan nínú wọn ń ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́ta, wọ́n sì ń fi igi àti àdá gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ opó. Ẹni tí ó jẹ́ pé a jí ohun ìní bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ di olè nítorí rẹ̀.

Ẹ rántí Nábótì ará Jésíréélì. Áhábù kò kọ́kọ́ wí pé òun yóò gba ọgbà àjàrà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ fi èyí tí ó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ó san owó rẹ̀. Nábótì kọ̀ nítorí pé ogún àwọn bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí Jésébélì sì dá sí i, ìwé ni ó kọ. Ó fi èdìdì ọba dì í, ó pe àwọn àgbààgbà, ó wá ẹlẹ́rìí méjì. Ní ojú ayé, kò sí ohun tí kò bá òfin mu nínú gbogbo rẹ̀. Èlíjà kò bá Áhábù sọ̀rọ̀ òfin. Ó bi í bóyá ó ti pa ènìyàn tán, tí ó sì tún ti jogún rẹ̀. Ìjọ tí ó bá ń ka ìtàn yìí lórí pẹpẹ, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí a ń wó ilé àwọn apẹja létí ọ̀sà rẹ̀, kí ó yẹ ara rẹ̀ wò.

Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. A bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin alàgbà ìjọ àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́: nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ orúkọ olùtẹ̀lúdó sára òkúta, ẹ kọ orúkọ onílẹ̀ síwájú, ẹ kọ ti àwọn tí ó sá wá láti Abẹ́òkúta tẹ̀ lé e, ẹ sì fi Glover sí ipò kẹta gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó la òpópónà. A bẹ̀ yín, ẹ̀yin olóṣèlú tí ń wá ìbò wa ní Yábà, ní Sùúrùlérè àti ní Mùṣín: kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé tí yóò wó ilé kan, ẹ fi hàn wá ibi tí àwọn ará ilé náà yóò sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, àti bí ó ti jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun tó. A sì bẹ̀ yín, ẹ̀yin onílé àti ọmọ onílẹ̀: ẹ má ṣe fi ẹ̀tọ́ tí àwọn bàbá yín fi ẹjọ́ gbà ní Lọ́ńdọ̀nù ni aláìní lára ní Èkó.

Nígbà tí ẹni tí ń sọ ìtàn bá dìde ní ọdún tí ń bọ̀, tí ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí, tí ó dárúkọ Olótò àti Ìfọ́lé, tí ó dárúkọ àwọn alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ ojú irin àti àwọn obìnrin Oyíngbò, tí ó sì fi Glover sí ipò tirẹ̀ láàrín wọn, kí ó mọ̀ pé a jókòó níbẹ̀. A ó pàtẹ́wọ́ fún un.